Oyè, Ìkógun àti Kóríyá fún Akin ní Ìbàdàn, 1829–1893

Ìfáàrà

Yinniyinni kí ẹni ó lè ṣe mìíràn ni àwọn baba wa máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lójú, ṣùgbọ́n àbá ńlá kan nípa ìwà ọmọ ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀: pé ẹni tí ó bá rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ gbà yóò fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà sí i. Ohun tí òwe náà kò sọ fún wa ni ibi tí èrè ti ń wá àti ẹni tí ó ń san án. Kò sì sọ bóyá ẹni tí a yìn lè sinmi mọ́ lẹ́yìn tí a ti yìn ín. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ka iwájú ìlú kan tí ó mọ bí a ti í ṣe kóríyá fún ológun ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìlú náà ni Ìbàdàn.

Àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ìlú yìí ṣáájú wa kì í ṣe kékeré. Samuel Johnson, ẹni tí a mú dé Ìbàdàn ní ọmọdé ní 1858, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì rí ìwé náà tẹ̀ jáde títí di 1921, ni gbogbo wa ṣì ń tọ̀ lẹ́yìn. I. B. Akínyẹlé, ọmọ ìlú náà gan-an, tẹ ìwé ìtàn tirẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá ní 1911. Bọ́láńlé Awẹ́ fi hàn wá ní 1974 pé oríkì àwọn ológun ṣe é lò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn. Tóyìn Fálọlá, ní 1984, kọ ìwé lórí ọrọ̀ ajé àti ìṣèlú ìlú náà. Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ń ka irú ìwé wọ̀nyí, pàápàá láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́: pé Ìbàdàn di ńlá nítorí pé akin ni ó ń joyè níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ ọba. A kò tako èrò yìí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Lójú tiwa, oyè Ìbàdàn dà bí èrè, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ bí owó tí a yá ènìyàn. Ẹni tí ó gbà á di ẹni tí ó gbọ́dọ̀ tún lọ sí ogun kí ó tó lè mú un dání, ènìyàn tí a kó lójú ogun sì ni a fi ń san èlé rẹ̀.

Ìlú tí kò ní adé

Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí ó ti bá ogun Òwu bọ̀ tẹ̀dó sí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ti fi sílẹ̀. Ibùdó ogun ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ìlú. Kò sí afọbajẹ níbẹ̀, kò sí ìdílé tí ó lè sọ pé àwọn ni àwọn ni ilẹ̀. Màyé Okùnadé, ará Ifẹ̀, ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí. Lẹ́yìn ogun Gbánámú ni ọwọ́ àwọn Ọ̀yọ́ wá lékè. Láti ìgbà náà ni àwọn àtìpó ti ń wọ́ wá láti gbogbo ìlú tí ogun Ìlọrin ti tú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ìlú náà fúnra wọn ń sọ, pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán. Bí a bá wo àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìtàn ìlú náà, a ó rí i pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni Ìbíkúnlé ti wá, pé Ògúnmọ́lá wá láti Fẹ́sù nítòsí Ìwó, àti pé ọmọ Ìlọrá ni Látóòsà. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ọba wà lára Olúyọ̀lé, nítorí ọmọbìnrin Aláàfin Abíọ́dún ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó sọ ọ́ di olórí.

Níwọ̀n ìgbà tí kò sí adé, a ní láti wá ohun mìíràn tí a ó fi so àwọn ológun wọ̀nyí pọ̀, kí wọ́n má baà kọ ìbọn sí ara wọn. Oyè ni wọ́n rí. Oyè pọ̀, ó sì tò léra wọn bí àkàbà: Baálẹ̀ pẹ̀lú Ọ̀tún àti Òsì rẹ̀ ní apá kan, Balógun pẹ̀lú Ọ̀tún, Òsì, Asípa, Ẹ̀kẹrin, Ẹ̀karùn-ún àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ní apá kejì, Sẹ́ríkí àti àwọn ènìyàn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ wọn. Bí ẹni òkè bá kú, ẹni ìsàlẹ̀ a sún sókè, bí ó bá ṣe pé ó ti fi ara rẹ̀ hàn ní ojú ogun. Ọmọ kò jogún ipò baba rẹ̀. Ó lè jogún agbo ilé, ẹrú, ẹṣin àti ìbọn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ àkàbà ni òun náà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Aláàfin Àtìbà pàápàá mọ agbára ohun tí a ń sọ yìí. Nígbà tí ó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó, kò ní ọmọ ogun tí ó tó nǹkan. Orúkọ ni ó ní. Ó fi oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò ta Kúrunmí ti Ìjàyè lọ́rẹ, ó sì fi Baṣọ̀run ta Olúyọ̀lé. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ológun méjì tí ì bá pa á run di ẹni tí ó ń ṣọ́ ilẹ̀ fún un, ti Ìbàdàn ní ìhà Ìlọrin àti ìlà-oòrùn, ti Ìjàyè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. A kò rò pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé a tún fi ohun tí kò náni lówó ra ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ológun ń rí gbà

Ọmọ ogun Ìbàdàn kì í gba owó oṣù. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ìbọn, ẹ̀tù àti ọta fún àwọn ènìyàn tirẹ̀, oko rẹ̀ ni ó sì ń bọ́ wọn nígbà tí ogun kò sí. Èrè ọmọ ogun wà ní iwájú, ní ìlú tí a fẹ́ lọ kó. Nínú ohun tí ó bá rí kó, yóò mú ti olórí rẹ̀ wá, yóò sì mú ti ara rẹ̀ lọ sílé. A ní láti sọ ọ́ ní gbangba, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà “ìkógun” ti di ọ̀rọ̀ ìwé tí kò ta wá lára mọ́: ènìyàn ni ó pọ̀ jù lọ nínú ìkógun. Ewúrẹ́, aṣọ àti owó ẹyọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan ní ẹ̀gbẹ́ ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé tí a so lọ́wọ́ mú wá.

Ohun tí a ń fi àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣe yí padà bí ọdún ti ń lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni a ń tà sọ́dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú àti àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n fi ń dé etíkun. Lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó fi àgbá wó Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gbà á pátápátá ní 1861, òwò ẹrú ojú òkun ń kú lọ, òwò epo pupa sì ń dìde. Èyí kò dín iye ẹrú tí Ìbàdàn ń mú kù. Oko ni wọ́n ń kó wọn lọ, láti gbin iṣu àti àgbàdo, láti fọ epo, kí a lè tún fi owó epo ra ẹ̀tù. Àwọn tí ara wọn le nínú àwọn ọkùnrin ni a fi ìbọn lé lọ́wọ́. Báyìí ni ìkógun àná ṣe ń di akógun òní. Ẹrú tí ó bá ṣe akin dáradára lè di olórí láàrin àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó ní ẹṣin àti aya, kí a sì rán an lọ gba owó bodè tàbí kí ó di ajẹ́lẹ̀. Èyí ni apá tí ó yà wá lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo ètò náà. Ohun tí a fi ń ṣe kóríyá fún ẹrú kò yàtọ̀ sí ohun tí a fi ń ṣe é fún ọmọ bíbí ilé, àyàfi pé ti ẹrú bẹ̀rẹ̀ láti inú ìdè.

Ẹ̀bùn ajẹ́lẹ̀ náà tọ́ sí àlàyé. Nígbà tí Ìbàdàn bá ṣẹ́gun ìlú kan, tàbí tí ìlú kan bá fi ara rẹ̀ sábẹ́ Ìbàdàn kí ogun má baà dé bá a, a ó fi ìlú náà sí abẹ́ ìjòyè kan ní Ìbàdàn, ẹni tí a ń pè ní bàbá kékeré rẹ̀. Bàbá kékeré yóò yan ajẹ́lẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì rán an lọ jókòó níbẹ̀. Ìbàdàn kò san nǹkan fún ajẹ́lẹ̀. Ìlú tí a rán an sí ni ó ń bọ́ ọ, òun àti ìyàwó rẹ̀, àwọn onílù rẹ̀, àti àwọn ọmọkùnrin tí ó ń tẹ̀ lé e kiri. Ìjòyè ti san ẹ̀san iṣẹ́ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ láìtọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀.

Nípa ti oríkì, kò yẹ kí á pẹ́ níbẹ̀ nítorí pé Awẹ́ ti ṣe é. Kí á ṣáà rántí pé onílù àti akéwì ń bá ogun lọ, pé lójú ẹgbẹ́ ẹni ni wọ́n ti ń kini, àti pé ẹni tí a kì lánàá mọ̀ pé etí gbogbo ìlú ń fẹ́ gbọ́ ohun tí a ó fi kún un lọ́la.

Olóyè bí ìwọ̀fà

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbi tí a dé yìí, a ó kàn sọ pé Ìbàdàn mọ bí a ti í fi èrè mú ènìyàn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ìnáwó ìjòyè kan. Ọmọ ogun tí ó wà ní agbo ilé rẹ̀ wà níbẹ̀ nítorí pé ó ń rí èrè. Bí ọdún méjì bá kọjá tí olórí náà kò mú wọn lọ síbì kankan, òmíràn tí ó lọ́wọ́ ju tirẹ̀ lọ wà ní ìkángun àdúgbò tí wọ́n lè lọ bá. Ẹ̀tù tí ó rà láwìn ń béèrè owó. Àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lórí àkàbà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Oyè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ti sọ ìnáwó rẹ̀ di ìlọ́po, ó sì ti mú kí ojú pọ̀ sí i lára rẹ̀. Ìwọ̀fà ni ó jọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín owó tí ó jẹ kù. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ogun tí ìjòyè Ìbàdàn bá jà, èlé oyè rẹ̀ ni ó ń san. Ojú owó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù ni ti ogun Ìjàyè. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Kúrunmí kọ̀ láti gba Adélù ọmọ rẹ̀ ní Aláàfin, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Johnson jẹ́ kí á mọ̀ pé Ìbíkúnlé, ẹni tí ó jẹ́ Balógun, kò fẹ́ ogun náà, àti pé Ògúnmọ́lá, Ọ̀tún rẹ̀, ni ó ń fi ìtara lé e, tí àwọn ènìyàn fi ń pe Ìbíkúnlé ní ojo lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ti ka èyí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwà: ọ̀kan jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́, èkejì jẹ́ oníjàgídíjàgan. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí olúkúlùkù dúró lórí àkàbà. Ìbíkúnlé ti dé ibi tí ogun tuntun kò lè fi ohun púpọ̀ kún ọlá rẹ̀, tí ó sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnmọ́lá ku ìpele kan. Síbẹ̀, Balógun kò lè dúró sílé nígbà tí Ọ̀tún rẹ̀ ń pè é níjà lójú àwọn ọmọ ogun. Ó lọ, ó sì jà dáadáa. Ìjàyè fọ́ ní 1862. Ìbíkúnlé kú ní 1864, Ògúnmọ́lá di Baṣọ̀run ní 1865, òun náà sì kú ní 1867. Ní ọdún kan náà ni ogun Iléṣà bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò parí títí ìlú náà fi bọ́ sọ́wọ́ Ìbàdàn ní 1870.

Ẹnìkan lè bi wá léèrè pé ṣé kì í ṣe gbogbo ìlú ológun ìgbà náà ni ó rí báyìí. Ìjàyè fúnra rẹ̀ ni ìdáhùn wa. Irú ènìyàn kan náà ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn tí ogun lé láti Ọ̀yọ́ àtijọ́; ìbọn kan náà ni wọ́n ní, ọ̀nà etíkun kan náà ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, Kúrunmí kó gbogbo agbára sí ọwọ́ ara rẹ̀, títí kan ti àwọn òrìṣà ìlú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dàgbà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn akin Ìjàyè ń jà, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jà, ṣùgbọ́n kò sí àkàbà níwájú wọn. Nígbà tí Ìbàdàn fi ń na ọwọ́ dé Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀kìtì, Ìjàyè kò kúrò lójú kan. A kò sọ pé ìdí kan ṣoṣo nìyí, nítorí ibi tí ìlú méjèèjì wà kò bára dọ́gba. Síbẹ̀ ó ṣòro láti gbà pé ìyàtọ̀ àárín ètò èrè wọn kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn Ìyálóde tún fi hàn pé oyè tí a fi ṣe kóríyá kì í ṣe ẹ̀bùn tí a fún ni pátápátá. Ìyáọlá ni Ìyálóde àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Ìrànlọ́wọ́ tí ó ṣe fún ogun ìlú ni ó gbé e dé ibẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ oyè náà lẹ́yìn. Johnson ní ẹrú tí ó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó 2,000, láìka àwọn ti ilé, ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀ àti olórí tí ó ń kó wọn jáde. Ẹ̀tù àti ìbọn ni ó ń tà fún àwọn ológun, a sì gbọ́ pé láwìn ni ó ń tà á fún wọn. Ní 1874, nígbà tí Ààrẹ Látóòsà ti ogun dé, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kan Ìyálóde: pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun ní ibùdó, àti pé kò jáde wá pàdé òun ní odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n pa á. Àwa tí a mọ Ẹfúnṣetán láti inú eré onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá máa ń rántí ìkà obìnrin tí ó ń pa ẹrú. A kò wá sí ibí láti wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìwé náà rántí pé kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Èlé oyè ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì san án.

Látóòsà fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Ní 1871 ni ó di olórí, ó sì yan oyè Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò dípò Baálẹ̀. Kakaǹfò kì í ṣe oyè tí ènìyàn ń jẹ jókòó sílé. Ó tún ní láti máa ṣọ́ àwọn tí ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀, àwọn tí ètò kan náà tí ó gbé òun sókè ń tì bọ̀ wá bá a. Sẹ́ríkí Ìyápọ̀, ọmọ Ìbíkúnlé, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1877 wọ́n fi dandan lé ikú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Látóòsà rán àwọn oníṣòwò lọ sí Àjàṣẹ́ láti ra ẹ̀tù, tí wọ́n gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, tí àwọn Ẹ̀gbá sì kọlù wọ́n. Ogun tí ó ti ibẹ̀ ṣẹ́ kò tán nílẹ̀ pátápátá fún ọdún 16. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ẹ̀tù ni wọ́n lọ rà. Gbogbo ọ̀nà tí a ti tò sókè yìí, oyè, ọmọ ogun, àwìn àti ẹrú, ẹnu àpò ẹ̀tù ni wọ́n ti ń pàdé.

Àwọn tí ó san án

Títí di ibí yìí, a ti sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú Ìbàdàn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀kìtì kò lè rò bẹ́ẹ̀. Ní ìlú wọn ni ajẹ́lẹ̀ ti ń gba èrè iṣẹ́ tí ó ṣe fún ẹlòmíràn. Oúnjẹ tí ó bá wù ú ni wọn yóò wá, ẹran tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá rí lójú pópó ti di tirẹ̀, obìnrin kò sì lè kọjá kí ọkàn ó balẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kò ní ìdí láti ṣe jẹ́jẹ́. Kò mọ ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò pè é padà tàbí tí ọ̀gá náà yóò ṣubú, nítorí náà ohun tí ó bá fẹ́ kó, kíákíá ni kí ó kó o. Ohun tí a ń pè ní ìwà ìkà àwọn ajẹ́lẹ̀, tí a sì máa ń fi bú wọn lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, ti wà nínú ọ̀nà tí a gbà san owó iṣẹ́ fún wọn.

Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkèmẹ̀sí, àwọn ìlú yòókù sì tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Balógun Ajáyí Ògbóríẹ̀fọ̀n bá ogun Ìlọrin àti ti Ẹ̀kìtì pàdé ní Ìkìrun. Ìbàdàn borí, àwọn tí ó ń sá sì ń já sínú odò Ọ̀tìn. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ogun Jálumi. Látóòsà kò sí níbẹ̀. Ìlú ń yọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó wà ní òkè àkàbà, ìṣẹ́gun ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ nìkan. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Ògbóríẹ̀fọ̀n kú. Látóòsà fúnra rẹ̀ kó ogun jáde lẹ́yìn náà, ó ní òun yóò jà á tán pátápátá kí ogun má baà tún sí mọ́.

Ogun Kírìjì ni ó bá pàdé. Àwọn Ẹ̀kìtìparapọ̀ ní Ògèdèǹgbé, ọmọ Iléṣà tí ó ti gbé àárín àwọn ológun Ìbàdàn rí, tí ó sì mọ ọgbọ́n wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣe ẹrú ní Ìbàdàn, wọ́n ti bá Ìbàdàn jagun, kí wọ́n tó padà sílé. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó ń fi ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn kì ránṣẹ́ sí wọn. Ìbàdàn kò lè borí, kò sì lè lọ sílé. Níbí ni a ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí èrè bá gbẹ tí ètò tí ó gbé e ró kò sì tíì gbẹ. Kò sí ìlú tí a fẹ́ kó mọ́, ẹrú kò wọlé, ọ̀nà ẹ̀tù di. Bí ó bá ṣe pé ojúkòkòrò nìkan ni ó ń mú àwọn akin wọ̀nyí jà, wọn ì bá ti túká ní ọdún kejì tàbí ìkẹta. Wọ́n kọ́ ilé amọ̀ sí ibùdó, wọ́n dá oko síbẹ̀, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà ni yóò ru ìtìjú gbogbo wọn, olóyè tí ó bá sì ru ìtìjú kò ní oyè mọ́. Látóòsà kú sí ibùdó ní 1885.

Johnson fúnra rẹ̀ àti Charles Phillips ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó kan dé èkejì, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Síbẹ̀, ó di 1893 kí Gómìnà Carter tó wá láti Èkó, kí ọmọ ogun ìhà méjèèjì tó túká. Ohun tí a rí fà yọ nínú èyí ni pé àwọn olórí ogun náà nílò ẹlòmíràn tí yóò pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n lọ, kí ó má baà jẹ́ àwọn ni wọ́n pinnu rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun tí Johnson sọ ní tààrà; àwa ni a ka ìṣe wọn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn 1893, òfin Òyìnbó wọ Ìbàdàn, ogun tán, ẹrú tuntun kò sì wọlé mọ́. Ohun tí ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu ni pé àkàbà náà kò wó. Orúkọ àwọn oyè wà síbẹ̀, Balógun, Asípa, Ẹ̀kẹrin, Sẹ́ríkí, àwọn ọkùnrin tí kò tíì rí ojú ogun sì ń jẹ wọ́n. Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936. Akínyẹlé, ẹni tí ó kọ ìwé tí a mẹ́nu bà lókè, gun àkàbà kan náà dé òkè, ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí ó fi wàjà ní 1964. Ìpele kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń gùn ún títí di òní. Ikú ẹni iwájú àti ẹ̀mí gígùn ẹni ẹ̀yìn ni ó ń sún wọn sókè. A ti gba ìkógun kúrò lábẹ́ oyè, a kò sì gba oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìjòyè kan bá jókòó sílé fún ọdún 20 lónìí, kò sí ọmọ ogun tí yóò kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹlẹ́tù tí yóò wá sin ín ní gbèsè.